Ìyá Oní-gàrí àti Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó

Bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó fi ọdún mẹ́ta gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Àwọn tó gbà pé kò yẹ ká máa kó ọlọ́jà tí kò kàwé púpọ̀ jọ sí kíláàsì ìṣirò owó fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí. Àwọn tó ní ó yẹ a sì dáhùn pé bí gbogbo orí bá pé bẹ́ẹ̀, a kì bá tí fi tirẹ̀ pòwe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ìsọ̀ ìyá oní-gàrí. Ká ní ó ra àpò kan ní 40,000 náírà, bó bá sì wọ̀n ọ́n tà ní kóńgò-kóńgò, 46,000 ni yóò wọlé. Lójú rẹ̀, èrè 6,000 ti dájú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ gba 2,500, alábàárù gba 1,000, owó ìsọ̀ gba 500, gàrí tó sì bù lọ sílé fún ẹ̀bà alẹ́ tó 2,000. Èrè ti tán, 40,000 péré ló kù. Bí ọmọ bá béèrè owó ìwé lọ́jọ́ kejì, tí ìyá tú etí aṣọ, tó mú 3,000 fún un, ojú owó ló bù yẹn. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kò ní rí odindi àpò rà mọ́. Ìyá yìí kò ya ọ̀lẹ, kò sì náwó ní ìnákúnàá. Owó ọjà àti owó ilé ló ń gbé inú àpò kan náà. Ohun tí àwọn tó fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí ń rí nìyẹn: iṣẹ́ àṣelàágùn tó ń tán láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é mọ ibi tó ń gbà lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọjọ́ tí ìyá bá fi jókòó ní kíláàsì, oníbàárà rẹ̀ yóò yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Olùkọ́ tó dúró níwájú rẹ̀ lè má tíì ta kóńgò gàrí kan rí láyé. Ìṣirò kò sì ní kí owó ọkọ̀ wálẹ̀. Ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, Dean Karlan, Ryan Knight àti Christopher Udry ṣètò kí àwọn agbaninímọ̀ràn máa lọ bá àwọn télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn télọ̀ gba ìmọ̀ràn, wọ́n dán an wò. Nígbà tó yá, wọ́n padà sí bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, èrè wọn kò sì lé sí i. Wọn kì í ṣe olóríkunkun. Ó lè jẹ́ ọ̀nà àtẹ̀yìnwá ló bá ṣọ́ọ̀bù wọn mu jù.

Síbẹ̀, ohun tí a ń kọ́ni náà ṣe pàtàkì. Ní Dominican Republic, ìwádìí tí Alejandro Drexler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 fi ẹ̀kọ́ méjì wéra. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìwé ìṣirò owó lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́; wọ́n kọ́ àwọn kan ní òfin kéékèèké tí orí lè gbé, irú bíi kí owó ọjà máa wà lọ́tọ̀, kí owó ilé máa wà lọ́tọ̀. Ìyípadà hàn lára àwọn tó gba òfin kéékèèké. A kò fi bẹ́ẹ̀ rí i lára àwọn tó kọ́ ìwé ìṣirò.

Ní Lomé, lórílẹ̀-èdè Tógò, wọ́n pín 1,500 oníṣòwò kékeré sí ọ̀nà mẹ́ta lọ́dún 2014. Apá kan gba ẹ̀kọ́ okòwò tó wọ́pọ̀, apá kan kọ́ bí èèyàn ṣe ń ronú ṣíwájú, tí yóò máa fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tuntun, apá kẹta kò gba ohunkóhun. Láàárín ọdún méjì, èrè àwọn tó kọ́ ìronúṣíwájú fi ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan lọ. Ti ẹ̀kọ́ tó wọ́pọ̀ jẹ́ ìdá 11, ìyẹn kò sì tó fún àwọn olùwádìí láti sọ pé kì í ṣe èèṣì. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 750 dọ́là ni wọ́n ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gba ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni yóò sọ pé kí ẹ kúkú gbé owó yẹn fún òun, kí òun fi ra ọjà, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá wọn wí.

Lójú tèmi, àwọn tó ń ta ko kíláàsì jàre nípa àkókò ọlọ́jà, wọ́n sì jàre pé ẹ̀kọ́ kò lè dípò owó òwò. Àwọn tó fẹ́ ẹ náà jàre pé àpò kan ṣoṣo lè gbé òwò mì. Kí olùkọ́ lọ bá ìyá oní-gàrí ní ìsọ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi í léèrè bó ṣe ń ka owó, kó tó wá bá a sọ̀rọ̀ àpò méjì ní èdè rẹ̀. Bí ọmọ bá tún béèrè owó ìwé, ìyá ṣì lè tú àpò ọjà fún un. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé òun yá a ni, òun yóò sì dá a padà kí ọjọ́ ọjà tó pé.