Èyí Tí Kò Tò Kò Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé kò kàn wá, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ni mo ti bá a pàdé, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí mo ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ gbé ìtumọ̀ orí kan wá fún mi láti inú ìwé tó dá lórí bí Linux ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, àmì ohùn rẹ̀ sì pé pérépéré. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi tí òǹkọ̀wé ti ń sọ̀rọ̀ nípa "out-of-order segments", ohun tí mo bá níbẹ̀ ni "àwọn ègé tó ti bàjẹ́". Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì lọ́jọ́ tí kò bá fẹ́ pọ owó. Níbẹ̀, lóòótọ́, ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni. Nínú ìwé tí ọmọ yìí ń túmọ̀, ẹ̀wẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Ègé náà pé, kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò tíì dé.

Èrò tèmi ni pé àṣìṣe yìí kì í ṣe ti èdè. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wọ́n ọmọ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó túmọ̀ orúkọ kí ó tó mọ iṣẹ́ tí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ń ṣe. Bí mo sì ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i ni mo rí i pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ alára ti ṣe ohun tó jọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe fi sùúrù là á yé mi. Lẹ́tà tàbí àwòrán tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í lọ lódindi. A máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kan kì í sì í sábà ju 1,460 báìtì lọ. TCP ni ìlànà tó ń darí ìrìn àjò yìí. Vinton Cerf àti Robert Kahn ló gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1974. Ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 793 ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1981, kí RFC 9293 tó wá rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Báìtì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àwọn ègé lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n lè ya ara wọn sílẹ̀ lọ́nà, òmíràn sì lè sọnù pátápátá. Ẹni tó ń tò wọ́n padà níbi tí wọ́n ń lọ ni kernel, èyíinì ni àárín gbùngbùn ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà, tó dúró láàárín ẹ̀rọ àti gbogbo ètò tí à ń lò. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pè é ní èkùrọ́ o. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí.)

Ẹ wo gbólóhùn yìí: Adé ṣẹ́gun Òjó. Ká sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé kan, tí Òjó sì kọ́kọ́ dé, tí ṣẹ́gun tẹ̀ lé e, tí Adé wá dé gbẹ̀yìn. Bí kernel bá kàn ń gbé wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé, ohun tí ẹ ó kà ni pé Òjó ṣẹ́gun Adé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́ ti di aṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kan ṣoṣo kò sì bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ìdí nìyẹn tí kernel fi ní yàrá ìdúró kan. Bí Òjó bá dé, inú yàrá yẹn ni yóò lọ jókòó, ètò tí ẹ fi ń ka lẹ́tà yín kò sì ní rí i. Kernel a ránṣẹ́ padà pé, "Adé ni mo ń retí." Bí ṣẹ́gun bá dé, èsì kan náà ni: "Adé ni mo ń retí." Nígbà tí Adé bá wá dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Táíwò ló ń kọ́kọ́ dé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ipò lọ́tọ̀, ìgbà tí èèyàn dé lọ́tọ̀.

Mo ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà ṣe ohun tó jọ àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ibi tí mo ti rí i nìyí. Lójú kernel, kò sí ìyàtọ̀ láàárín ègé tó pẹ́ lọ́nà àti èyí tó sọnù. Àlàfo kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí olùfiránṣẹ́ ń ṣe ni pé bí ó bá ti gbọ́ àtúnsọ "Adé ni mo ń retí" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbà pé Adé ti sọnù nìyẹn: a tún un fi ránṣẹ́, a sì dín eré rẹ̀ kù, nítorí ó rò pé ọ̀nà ti dí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ńṣe ni Adé pẹ́ díẹ̀, gbogbo làálàá yẹn já sí asán. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní RACK, tó jáde nínú RFC 8985 ní oṣù kejì ọdún 2021, ló ń gbìyànjú láti tún èyí ṣe: ó ń wo àkókò dípò kí ó máa ka àtúnsọ, ó sì ń fún ẹni tó pẹ́ láyè díẹ̀ kí ó tó kéde pé ó ti sọnù. Wireshark, ètò tí wọ́n fi ń wo ìrìn àwọn ègé, ṣì ń kun irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní dúdú pẹ̀lú lẹ́tà pupa, lábẹ́ àkọlé tó pè é ní TCP burúkú. Ta ni yóò wá dá akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́jọ́?

Ibi tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe méjì kan. Láti 1996, nínú RFC 2018, ni àyè ti wà fún kernel láti sọ fún olùfiránṣẹ́ pé àwọn kan ti wà nínú yàrá ìdúró. Iṣẹ́ tó ń rán wá di apá méjì: gbogbo ohun tó wà títí dé nọ́ńbà báyìí ti dé ọwọ́ mi, mo sì tún rí àwọn kan níwájú. Apá kejì yìí kì í ṣe ìlérí tó dúró. Bí àyè bá há, kernel lẹ́tọ̀ọ́ láti da àwọn tó wà nínú yàrá ìdúró nù, nítorí náà olùfiránṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ nù títí yóò fi gbọ́ apá àkọ́kọ́ lórí wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ mi sì lo "ìfọwọ́sí" fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwa ní "mo gbà á", a sì ní "mo rí i". Ẹni tó rí nǹkan kò tíì gbà á. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, mo rò pé ó yé ọmọ kíláàsì mi kíá ju bí ó ṣe yé èmi nígbà tí mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Yàrá ìdúró yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Nínú Linux, ìlà gbọọrọ kan ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ipò rẹ̀ bá wà láàárín, àfi kí wọ́n máa rìn lórí ìlà náà títí wọn yóò fi bá ipò rẹ̀. Ní 2016, nínú Linux 4.9, wọ́n sọ ọ́ di igi kan tí wọ́n ń pè ní igi pupa òun dúdú. Ìwákiri nínú rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè: a ṣí i láàárín, a bi í bóyá iwájú ni tàbí ẹ̀yìn. Bí ègé 10,000 bá ń dúró, ìbéèrè tí kò tó 30 ti tó láti rí àyè fún ẹni tuntun.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2018, ìròyìn jáde nípa àléébù kan tí wọ́n sọ ní SegmentSmack, èyí tí Juha-Matti Tilli ará Finland ṣàwárí. Ọ̀dàlúrú a máa fi ègé bíńtín-bíńtín ránṣẹ́, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sáàárín wọn, àlàfo tí kò ní dí láé. Bí yàrá bá ń kún, ìṣe kernel ni láti kó àwọn ègé kéékèèké jọ sínú àpótí kan kí àyè lè ṣí. Yóò yẹ gbogbo wọn wò, kò ní rí àyè tó nílárí, òmíràn á dé, a tún bẹ̀rẹ̀. Ègé tí kò tó 2,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó láti mú kí ẹ̀rọ ńlá máa mí hẹlẹ. FreeBSD náà ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Àwọn fi òpin sí yàrá tiwọn, ègé 100 fún ìbánisọ̀rọ̀ kan. Ní ti Linux, bí àyè bá há jù, kernel a da ìdá kan nínú mẹ́jọ àyè náà nù lẹ́ẹ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó jìnnà jù sí ẹni tó ń retí.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ lókè sọ pé bí ó bá jẹ́ tòun ni, kernel kì bá má gbà ẹnikẹ́ni sí yàrá ìdúró: ẹni tí kò tò, kí ó padà. N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bí Adé nìkan bá pẹ́, Òjó àti ṣẹ́gun tó ti dé láyọ̀ yóò tún ìrìn àjò wọn rìn, èmi tí mo ń fi owó oṣù mi ra dátà kò sì rí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Ìwé òfin náà wà lẹ́yìn mi níhìn-ín. Ní 1981, ohun tí RFC 793 sọ ni pé kernel lè tọ́jú irú ègé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, RFC 1122 yí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan padà níbẹ̀: "lè" di "yẹ kí". Ẹni tó bá ti kọ́ gírámà rí mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàárín méjèèjì.

Ní ti orúkọ, "ègé adéṣáájú" ni mo dábàá fún akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí ẹni tó jókòó sí yàrá ìdúró kì í ṣe ẹni tó pẹ́ bí kò ṣe ẹni tó yá. Ó gbé e yẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó wá padà wá bá mi. "Ẹ má bínú, sà," ló wí, "Adé ńkọ́? Òun ló dé gbẹ̀yìn. Òun náà kò tò, ṣùgbọ́n kò yá." Mo ní kí ó pè é ní apẹ́dé. Ó ní ìwé tí òun ń túmọ̀ kò pín wọn sí méjì, pé "ègé tí kò tò" ni òun yóò kọ fún gbogbo wọn, òun yóò sì fi "adéṣáájú" mọ sí yàrá ìdúró nìkan. N kò tíì rí èsì tí mo lè fún un.