Ẹrù Kékeré, Ọjọ́ Mẹ́rin

 Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n rójú: akọ̀wé, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníṣirò owó, àwọn tí ń jáde kúrò ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í sì í padà títí àwọn ọmọ yóò fi sùn. Wọn a máa wí pé, "Bí a bá fẹ̀yìntì, a ó máa rìn kiri wo ayé." Àwa pẹ̀lú wí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí di ìgbà tí ọ̀rẹ́ wa kan, tí a jọ jókòó ní ọ́fíìsì kan náà, fẹ̀yìntì ní tòótọ́. Kí ọdún náà tó parí, orúnkún rẹ̀ kò lè gbé e gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà wá.

Ìrìn-àjò tí a ń sọ kì í ṣe ti òde ìgbéyàwó. Ìrìn ẹsẹ̀ ni, fún ọjọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ẹrù ní ẹ̀yìn ẹni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àṣà òyìnbó. Àwọn Òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà, ru ẹrù wọn láti ìlú dé ìlú nígbà kan rí. Ohun tí wọ́n fi wá owó, àwa lè fi wá ìlera.

Ẹ ó bi wá léèrè pé, níbo ni a ó ti rí àkókò? Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ tí ó ti pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Bí a bá mú ọjọ́ Ẹtì kan àti ọjọ́ Ajé kan nínú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ti pé, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn sì kù sílẹ̀ fún ọ̀ràn ilé.

Báyìí ni àwa mẹ́rin ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ní ọjọ́ Ẹtì, a wọ ọkọ̀ gba Ìbàdàn àti Ifẹ̀ dé Iléṣà, a sì sùn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, a gun òkè lọ wo omi Olúmirin, tí ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó wà nínú àpò tí a gbé pọ̀n: ìkòkò irin, iṣu mẹ́ta, bàtà ìsìn, agbòjò ńlá, àti fáìlì ọ́fíìsì méjì tí a pinnu láti kà ní alẹ́. Ní ìpele kẹta, ẹsẹ̀ wa yọ̀ lórí òkúta tútù, orúnkún wa sì bó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fi ọ̀nà hàn wá gba àpò náà, ó sì wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé òkúta ni ẹ kó wá sí ibi òkúta ni?" Ojú tì wá. Níbẹ̀ ni òkè gígùn wa parí sí. A fi ìkòkò àti iṣu ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ.

Láti ìgbà náà ni ìrìn wa ti dùn. A rìn díẹ̀, a wọkọ̀ díẹ̀, a gòkè dé Ẹfọ̀n-Aláayè, a sùn níbẹ̀, a sì bá wọn jọ́sìn ní òwúrọ̀ Àìkú. Lẹ́yìn náà a gba Ìpólé-Ìlórò, níbi tí omi Àrìnta wà, títí dé Ìkògòsì. Níbẹ̀ ni ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù gbé pàdé, a sì rẹ ẹsẹ̀ wa sínú wọn. Ní ọjọ́ Ajé, a padà sílé. A kò ṣí fáìlì náà rárá, ọ́fíìsì kò sì wó.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí.

Èkíní, kí ẹrù má ṣe ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni lọ. Ẹni tí ó wọn kílò 70 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 14; kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Aṣọ ìpààrọ̀ kan, aṣọ òjò, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, omi, oògùn tí a ń lò, gààrí, ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ ti tó.

Èkejì, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹ rìn láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó dé Ojúẹlẹ́gbà, kí ẹ sì padà, pẹ̀lú ìdajì ẹrù àti bàtà tí ẹ ó wọ̀. Bàtà tuntun a máa bó ẹsẹ̀. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ̀kẹta, ẹ dúró kí òjò dá, nítorí àpáta a máa yọ̀, omi a sì máa lágbára. Ẹ mú ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà. Ẹ wádìí bí ọ̀nà ti rí kí ẹ tó gbéra, ọ̀sán nìkan ni kí ẹ máa rìn, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ibi tí ẹ ó sùn sílẹ̀ fún aya tàbí ọkọ yín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó padà fún ọ̀gá yín.

Ọ̀rẹ́ wa tí a dárúkọ lókè ń fi ọ̀pá rìn pẹ̀lú wa nísinsin yìí ní ìrọ̀lẹ́, láti ilé dé ìkángun àdúgbò. Ó béèrè lọ́jọ́ kan bóyá a dé ìpele keje ti Olúmirin. A sọ òtítọ́ fún un pé ìpele kẹta ni a dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ padà lọ, kí ẹ bá mi dé ìpele kẹrin."

A ó lọ. Kí ẹ̀yin náà má ṣe dúró de ìfẹ̀yìntì.