Ọwọ́ Tí Ń Tú Aṣọ

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọjọ́ orí ilé ìwé wa, ẹ jẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí rántí gbèsè kan. Owó ẹja àti gààrí ọjà Àjàh ni ó sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀, nínú ìtàn òmìnira tí a kọ́ ní kíláàsì, agbára káká ni a fi gbọ́ orúkọ obìnrin ọlọ́jà kan.

Ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ọmọ ọdún 15. Bí ọjọ́ orí ọmọbìnrin bá di àríyànjiyàn, àwọn agbowó-orí a máa tú u sí ìhòòhò láti mọ̀ bóyá ó ti bàlágà.

Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aya àlùfáà tí í ṣe ọ̀gá Abẹ́òkúta Grammar School, ti kó àwọn obìnrin tó kàwé jọ sí ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí ó gbọ́ ìyà àwọn ọlọ́jà, ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún wọn ní 1946. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn yí ààfin ká. A dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀.

Ní Èkó wa níbí, Àlímọ́tù Pelewura, ẹlẹ́ja ọjà Ereko tí kò mọ̀wé kà, ti ṣáájú wọn. Ní 1940, ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún ju £50 lọ. Àwọn ọlọ́jà kọ̀, ìjọba sì sún un sí £200. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ìwé nílò ọjà, ọjà nílò ìwé.

Àwọn kan yóò ní kò yẹ kí obìnrin onígbàgbọ́ gbé ohùn sókè. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi dúró níwájú Mósè, Olúwa sì dá wọn láre.

Òyìnbó ti lọ. Ọwọ́ tí ń tú aṣọ kò tíì lọ. A ṣì ń bọ́ obìnrin tí a fẹ̀sùn olè kàn sí ìhòòhò lójú ọjà. Ọkọ ṣì ń na aya, àwa àlùfáà a sì máa ní kí ó ṣe sùúrù. A jẹ̀bi nínú èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin agbẹjọ́rò, dókítà àti olùkọ́ tí ilé ìwé yìí tọ́ dàgbà, ẹ padà sí ọjà tó rán yín níwèé. Ẹ dúró ti àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Ọpẹ́ tó yẹ ọjọ́ ayẹyẹ yìí nìyẹn.