Bí Ó Ti Yẹ Kí Onílé Gba Ilé Rẹ̀ Padà

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kí onílé má gba ilé rẹ̀ padà. Òun ni ó ra ilẹ̀, òun ni ó ra sìmẹ́ńtì. Ó lè fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó síbẹ̀, ó sì lè fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí onílé ń pè ní ohun ìní ni ayálégbé ń pè ní ibùgbé. Ibẹ̀ ni ó ti ń jí lọ sí ibi iṣẹ́. Ìtòsí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí ilé-ìwé. Ojúlé náà ni àwọn oníbàárà aya rẹ̀ sì mọ̀. Bí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ó kó jáde ní òwúrọ̀, kì í ṣe yàrá nìkan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí èyí ni òfin ṣe fi àkókò sí àárín àwọn méjèèjì. Nínú òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tí ó ń san owó ilé ní oṣooṣù ni a ó fún ní ìwé oṣù 1, ẹni tí ó ń san án ní ọdọọdún ni a ó sì fún ní ìwé oṣù 6. Bí àkókò náà bá pé tí kò jáde, onílé yóò tún fún un ní ìwé ọjọ́ 7 pé òun ń lọ sí ilé-ẹjọ́ láti gba ilé òun. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá fi ipá lé ayálégbé jáde yóò san owó ìtanràn tí kò ju 250,000 náírà lọ, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ.

Àwọn onílé kan a máa ráhùn pé oṣù 6 pọ̀ jù. Ìráhùn wọn kò ṣàìní ìdí, nítorí àwọn ayálégbé kan wà tí ó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti gba ìwé báyìí, wọn kò tún san kọ́bọ̀ mọ́. Ìwà ìrẹ́jẹ ni èyí. A fún ayálégbé ní àkókò kí ó lè wá ilé mìíràn; a kò fún un kí ó lè gbé ilé onílé ní ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ayálégbé kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún onílé láti yọ ilẹ̀kùn tàbí láti ká páànù orí ilé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ó tọ́, nígbà náà, kí onílé kọ ìwé rẹ̀ ní kedere, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi lé ayálégbé lọ́wọ́ láìsí èébú, nítorí a lè sẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó tọ́ kí ayálégbé náà bẹ̀rẹ̀ sí wá ilé láti ọjọ́ tí ó ti gba ìwé, kí ó san gbogbo owó tí ó jẹ, kí ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà ní ọjọ́ tí ó pé. Bí àwọn méjèèjì bá ṣe èyí, wọn yóò lè pàdé ní ọjà ní ọjọ́ mìíràn kí wọ́n sì kí ara wọn.