Egbò Tí Ń Gbé Etí Omi

Inú obì ni kòkòrò tí ń jẹ obì ń gbé. Àgbẹ̀ tí ó mọ èyí kì í wá kòkòrò obì rẹ̀ lọ sí oko ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí egbò tí kò fẹ́ jinná bá yọ ní ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, àgbẹ̀ kan náà a gbàgbé ọgbọ́n yìí, a sì máa wá ọ̀tá tí ó fi àsàsí ṣe ọmọ náà kiri. Ilẹ̀ tí ó ń gbé àti omi tí ọmọ náà ń wọ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Egbò Bùrúlì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àgbègbè kan ní Uganda ni a ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ní 1897 ni Albert Cook, dókítà míṣọ́n ní Mengo, ti ṣe àkọsílẹ̀ irú egbò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ní 1948 ni àwọn oníṣègùn ní Ọsirélíà sì ṣe àlàyé kòkòrò tín-ín-tín tí ń fà á. Ìbátan ni kòkòrò yìí jẹ́ sí èyí tí ń fa ẹ̀tẹ̀ àti èyí tí ń fa ikọ́ ife, ṣùgbọ́n kì í sábà ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Omi tí kò ṣàn dáadáa, ẹrẹ̀ àti àbàtà ni ibùgbé rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí pọ̀. Láti 1962 dé 1964, òjò ńlá mú kí àwọn adágún Uganda kún bo bèbè wọn. Nígbà tí egbò náà gbilẹ̀ lẹ́yìn èyí, dókítà tí ó wádìí rẹ̀ so ó mọ́ ìkún omi náà. Ní ilẹ̀ yẹn kan náà, egbò yìí mú àwọn ará Rwanda tí ó sá wá tẹ̀dó nítòsí odò Náílì; nígbà tí a kó wọn kúrò níbẹ̀, kò mú ẹni tuntun mọ́. Ní Lalo, ní gúúsù ilẹ̀ Benin, bí abúlé ti sún mọ́ odò Couffo tó ni àrùn náà ti pọ̀ níbẹ̀ tó.

Ìbàdàn pàápàá ní ẹ̀rí tirẹ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá nínú ọgbà Yunifásítì. A sé e láti fi ṣe adágún. Lẹ́yìn 1965 tí a ṣe èyí ni egbò náà tó yọ lára àwọn òyìnbó tí ń gbé inú ọgbà náà. Ta ni yóò wí pé àsàsí ni? Omi tí ó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀ ni a dá dúró.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, bí gbogbo abúlé bá ń wẹ̀ nínú odò kan, èé ṣe tí egbò fi mú ọmọ kan ṣoṣo? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀fọn jẹ ni ibà ń dá dùbúlẹ̀. Àgbàdo kan a sì máa kú láàárín ebè tí ìyókù yè, àgbẹ̀ kì í torí rẹ̀ pe aládùúgbò rẹ̀ ní àjẹ́.

Ohun tí ń tan ènìyàn jẹ ni pé àrùn náà kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kókó kékeré lábẹ́ awọ tàbí wíwú ni a ó kọ́kọ́ rí. Oró tí kòkòrò náà ń tú jáde ń pa ẹran ara, ó sì ń pa ìrora pẹ̀lú. Ọmọ ń sáré kiri, baba ń retí ìkórè. Nígbà tí awọ bá là, egbò ti jẹ jìnnà lábẹ́. Bí ó bá sì jinná lẹ́yìn ìdádúró pípẹ́, apá tàbí ẹsẹ̀ lè ká kò títí ayé. Àìtètè mú olè, olè a mú olóko.

Bẹ́ẹ̀ ni oògùn wà. Láti 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí oògùn tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ó tètè dé kò sì nílò ọ̀bẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Ògùn àti Èkó ni ó ti la ààlà kọjá lọ sí Pobè ní ilẹ̀ Benin kí wọ́n tó rí ìtọ́jú. Èyí kò yẹ. Níbi tí àrùn ń gbé ni ó yẹ kí ìwòsàn wà.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí àgbẹ̀ fi àkùrọ̀ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì ti ń wá. Kí ó wọ ṣòkòtò gígùn bí ó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ó fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́, kí ó sì dì í. Kí ó gbé kókó tí kò dunni lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ìkórè. Kí ìjòyè tàbí ìjọba tí ó bá fẹ́ sé odò sì ka ìtọ́jú àwọn tí ń gbé etí rẹ̀ mọ́ iye owó iṣẹ́ náà. Owó tí a kò bá ná síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ ni yóò san án.