Aláìsàn Kọ́ Ló Yẹ Kó Máa Wá Ẹ̀rí Kiri

Ọdún 33 ni ilé-iṣẹ́ Servier fi ta oògùn Mediator ní ilẹ̀ Faransé, láti 1976 títí di oṣù kọkànlá ọdún 2009. Àwọn alátọ̀gbẹ tó sanra ni wọ́n ní ó wà fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá lò ó kí ọ̀rá ara wọn lè dín kù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 ènìyàn ló gbé e mì. Bí ó bá dénú ara, ó máa ń di èròjà kan náà tí Isoméride, oògùn mìíràn tí Servier ṣe, máa ń dà. Isoméride sì ti kúrò lọ́jà láti 1997, nítorí ó ń ba fáàfù ọkàn jẹ́. Ọdún 12 gbáko lẹ́yìn náà ni Mediator tó tẹ̀lé e. Ta ni yóò pe èyí ní àìmọ̀?

Dókítà Irène Frachon, onímọ̀ nípa ẹ̀dọ̀fóró ní ìlú Brest, ló figbe ta. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Paris dá Servier lẹ́bi ẹ̀tàn àti ìpànìyàn tí kì í ṣe àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ìtanràn mílíọ̀nù 2.7 yúrò ni wọ́n bù fún un. Fún ọjà ọdún 33!

Àwọn kan ní kí ẹni tí ara ń dùn gba ilé-ẹjọ́ lọ. Pẹ̀lú ẹ̀rí wo? Ìwé tí dókítà fi kọ oògùn fún un ti di àwátì, àkọsílẹ̀ ìwádìí sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bá ṣẹjọ́. Ó dà bí ẹni tí ilé rẹ̀ jó, tí wọ́n ní kí ó fi eérú ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọ̀nà tó dára jù ni èyí tí òfin ọdún 2011 là. Aláìsàn á kọ̀wé sí àjọ ONIAM lọ́fẹ̀ẹ́, kò pọndandan kó gba lọ́yà. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ á yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá rí i pé oògùn náà ló fa á, Servier gbọ́dọ̀ sọ iye tí yóò san. Bí ó bá kọ̀, àjọ náà á sanwó fún aláìsàn, á sì lọ gbà á lọ́wọ́ Servier. Àbùkù òfin yìí ni pé Mediator nìkan ni ó wà fún, ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é. Ó yẹ kí irú rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún oògùn gbogbo.

Ìdájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò wáyé títí di oṣù kejìlá ọdún 2023. Ẹni tó jẹ́ ẹni 70 ọdún nígbà tí wọ́n gba Mediator kúrò lọ́jà ti di ẹni 84 ọdún, bí ó bá ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ.