Ọkọ̀ Kékeré, Sùúrù Ńlá

Iṣẹ́ ọwọ́ kan tí bàbá àti ọmọ lè jọ ṣe ni a mú wá lónìí: títo àwòṣe ọkọ̀ eré ìje. Èyí tí a yàn ni Plymouth Superbird aláwọ̀ búlúù, nọ́ńbà 43, tí Richard Petty ará Amẹ́ríkà fi sáré ní ọdún 1970. Imú rẹ̀ ṣe ṣónṣó, ìyẹ́ gíga kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí eré.

Àwòṣe náà jẹ́ ìdá kan nínú 25: ọkọ̀ tí ó gùn ju mítà 5 lọ di nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 22. Ẹ kọ́kọ́ to ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Nígbà náà ni kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, nítorí òórùn gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kò dára fún àyà ọmọdé.

Àwa náà ti kánjú rí. Gọ́ọ̀mù wa pọ̀ jù, ó jẹ ike, ojú gíláàsì ọkọ̀ sì ṣú. Ọmọ wa, tí a ń bá wí lójoojúmọ́ pé ó ń kánjú, kàn wò wá, kò sọ nǹkan kan. A ní, “Ọmọ, àwa ni a jẹ̀bi.” Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ike tí ó mọ́ gaara, a sì jọ gé gíláàsì mìíràn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ìgbà mìíràn.